Gé-e-Dànù, Ọkùnrin Tí Kì Í Jẹ́ Kí Èèyàn Parí Ọ̀rọ̀

Irọ́ tó gbilẹ̀ jù nínú gbogbo irọ́ tí àdúgbò pa mọ́ olóògbé Gé-e-Dànù ni pé ó fa kọ̀ǹpútà kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lè tì í mọ́lé. Wọ́n ní ó fi okùn dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní bó ṣe ń fà á lọ ló ń gbá a létí, tó ń jágbe mọ́ ọn pé, "Rìn! Ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni?" Kọ̀ǹpútà tí kò lọ́wọ́, tí kò létí, tí kò sì lẹ́sẹ̀ lóòótọ́! Àmọ́ ta ló ń bi òpùrọ́ léèrè ẹ̀yà ara?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìbínú ṣe ń gbóná, kó lọ sọ ìtàn yìí níwájú ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Oníbúrẹ́dì. Obìnrin náà á gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà á sún sẹ́yìn, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀.

"Ẹ dákun, ẹ yé fi bàbá mi ṣe ẹlẹ́yà! Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Èmi ni mo ti ọmọlanke ọjọ́ náà. Ta ló ní ó fẹ́ kí wọ́n ti kọ̀ǹpútà mọ́lé? Ó gbé e lọ ṣe ẹlẹ́rìí ni!"

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni bàbá náà ń ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó há tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí oníbàárà kan bá fẹ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mí síta kí àyè tó lè gba àwọn méjèèjì. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ̀ǹpútà àlòkù wá, ó kọ́ ìyẹn náà mọ́ ọn. Lára òkú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ti to alààyè kan jọ, ó sì fi ọdún mẹ́fà gbáko kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì, eré orí pátákó tí ọba, ayaba àtàwọn ọmọ ogun ti ń lé ara wọn kiri. Lọ́jọ́ kan ṣá, ẹ̀rọ náà na ọ̀gá àwọn ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ẹ̀sì. Inú bàbá dùn débi pé ó gbàgbé láti jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, ó ń tún rédíò kan ṣe lọ́wọ́. Ó so wáyà tó kẹ́yìn, rédíò tó ti yadi láti oṣù mẹ́ta lahùn. Ohun àkọ́kọ́ tó sì fi san oore fún un ni èébú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló ń pariwo pé: "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ̀rọ kan ti wà nínú ìlú yìí báyìí tó ń ronú ju èèyàn lọ!" Kò dárúkọ ẹni tó ṣe é.

"Ta ló ń ronú?" ni Gé-e-Dànù bi rédíò náà. "Mo ní ta ló ń ronú?" Rédíò ti bọ́ sórí orin.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe gun ọmọlanke nìyẹn. Okùn tí wọ́n ń wí? Kó má baà já bọ́ ni. Ìgbátí ńkọ́? Ojú ẹ̀rọ náà a máa ṣókùnkùn, àfi bí èèyàn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sì gbá a, níwájú sájẹ́ǹtì tó wà nídìí káńtà. Ohun tó ń bí Oníbúrẹ́dì nínú jù nìyẹn. Irọ́ gidi rọrùn láti pa, àmọ́ irọ́ tí òótọ́ díẹ̀ bá ti wọ̀ nínú kì í kú bọ̀rọ̀.

"Bàbá, ta lẹ wá fẹjọ́ ẹ̀ sùn?" ni sájẹ́ǹtì bi í.

"Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Ó gba iṣẹ́ ọpọlọ mi, ó gbé e fún ẹlòmíì."

"Ta ni ẹlòmíì ọ̀hún?"

"Òun lẹ̀ ń wò lórí ọmọlanke yẹn."

Sájẹ́ǹtì na ọrùn wò ó. Ó mú bírò. "Orúkọ ẹ̀?"

"Kò lórúkọ, kò ní làákàyè, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun wà níbí. Ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀!"

"Bí kò bá ní làákàyè, báwo ló ṣe na àgbà ọ̀jẹ̀?"

"Kì í ronú, ó ń wá ni! Ẹ jẹ́ n bi yín. Bó bá kàn yín láti gbé ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ ní ọ̀nà bí ọgbọ̀n tẹ́ ẹ lè gbà gbé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọgbọ̀n yẹn, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta á ní ọgbọ̀n èsì fún un. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún nìyẹn. Kẹ́ ẹ tún gbé, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kóun náà tún fèsì, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Igi ni, sájẹ́ǹtì! Ẹ̀ka ń yọ ẹ̀ka!"

"Ẹ̀rọ yìí wá ń wo gbogbo ẹ̀ka yẹn?"

"Ẹ̀rọ òpònú ló ń wo gbogbo ẹ̀ka. Ó máa hewú síbẹ̀ ni. Tèmi ń gé! Ẹni tó sì sọ ibi tó ti máa gé fún un ló dúró níwájú yín yìí, tẹ́nì kan ò dárúkọ rẹ̀!"

Ó lu àyà gbì. Sájẹ́ǹtì ronú títí, ó wá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sínú ìwé ńlá: Bàbá kan wá fẹjọ́ ẹ̀rọ sùn pé òmùgọ̀ ni. Ibẹ̀ ni irọ́ náà ti gba òǹtẹ̀ ìjọba.

Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má rò pé nítorí Oníbúrẹ́dì ń gbèjà bàbá rẹ̀, kò ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn kan ti há sí i lọ́fun fún ọdún mọ́kànlá, tí bàbá náà kò jẹ́ kó parí. Gbogbo ohun tó sì fẹ́ láyé ò ju kó parí rẹ̀ lọ, kí bàbá sì gbọ́ ọ délẹ̀, kódà bó bá máa tutọ́ sí i.

Ilé bàtà ni orúkọ Gé-e-Dànù ti bẹ̀rẹ̀. Ó wọ bàtà kìíní, ó bá a lẹ́sẹ̀ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dán. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti ìka ẹsẹ̀ bọ ìkejì.

"Ó há. Gé e dànù."

"Ẹ ò tíì wo awọ ẹ̀, Bàbá!" ni oníbàtà wí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an! Ẹ wo gìgísẹ̀ ẹ̀!"

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Mo ti ní èyí tí kò há lọ́wọ́. Èyí ti fún mi ní ìka pa. Bóyá gìgísẹ̀ ẹ̀ tún máa bó mi, bóyá awọ ẹ̀ tún máa ya lọ́la, kí ló kàn mí? Kò dìgbà tí mo bá mọ bó ṣe burú tó kí n tó mọ̀ pé kò lè borí èyí tí mo ti ní!"

Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti gé bàtà mẹ́rìndínlógójì dànù. Oníbàtà jókòó sórí páálí, ó ń lagùn. Bàbá mú bàtà kìíní, ó ní, "Bí ẹ̀rọ mi ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ṣé ìwọ náà rí i pé kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀?" Oníbàtà ní òun ti rí i tipẹ́ pé kò sí.

Ká ní ó fi mọ sórí bàtà, ayé ì bá rọrùn. Ó mú un wọ̀lú ni! Ẹni tó bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá, ilé ńkọ́, ṣé—" "Gé e dànù! O fẹ́ yá àkàbà mi." Àkàbà náà ni onítọ̀hún sì fẹ́ yá lóòótọ́! Ohun tó dun àwọn èèyàn jù nìyẹn. Ọkùnrin tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn ṣeé fara dà, àmọ́ èyí tó tún ń já a gbà bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé?

Dókítà náà rí nǹkan. Ó jókòó, ó gbé awò sójú, ó ní, "Bàbá, ẹ máa ní láti dín iyọ̀—"

"Gé e dànù! Bí mo bá dín iyọ̀ kù, oúnjẹ á tẹ́. Bó bá tẹ́, mi ò ní jẹ ẹ́. Bí mi ò bá jẹ ẹ́, màá rù. Bí mo bá rù, ẹ̀yin kan náà lẹ máa pè mí pé kí n máa jẹun. Ṣé ẹ rí i pé a ti padà síbi tá a wà?" Ó ti dìde, ó ti dé fìlà. "Ìṣẹ́jú kan péré mà nìyẹn. Ẹ pe ẹlòmíì."

Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bẹ dókítà pé kó má pe ọkọ òun ní aláìgbọràn. Ọkọ òun ń gbọ́ràn dáadáa, ìdajì ìdajì ló kàn ń gbọ́ ọ.

Nínú gbogbo ilé, Oníbúrẹ́dì nìkan ló mọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti fọ́jú. Láti kékeré ló ti ń jókòó tì í bó ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ. Ó mọ̀ pé oríṣi gígé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni ti ilé bàtà: kó wò, kó rí àbùkù, kó tó gé. Èyí kò lẹ́bi. Èkejì, ìgbéraga bàbá ló bí i. Ayaba lágbára ju gbogbo ohun tó wà lórí pátákó lọ, bàbá sì ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé ẹ̀ka èyíkéyìí tí ẹnì kan bá ti fẹ́ fi ayaba rẹ̀ tọrẹ, kó má tiẹ̀ yọjú síbẹ̀. "Orí ta ló dàrú débẹ̀?" ni bàbá máa ń wí. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó di ojú ara rẹ̀, tó wá ní òun ń gé ẹ̀ka!

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, jókòó níwájú ẹ̀rọ. Gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ẹ̀sì dúró yí i ká, wọ́n ń fi ojú àánú wò ó. Nígbà tó di ìgbà kejìlélógún tó máa gbé, ó mú ayaba rẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ ogun ọ̀tá wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni gbé omi fún àlejò. Ẹ̀rọ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ìgbà méjì péré ni ọmọ náà tún gbé, ọba ẹ̀rọ ti há, kò ríbi sá sí.

"Kò dáa!" ni bàbá bú jáde. "Ìwà wo nìyẹn? Ṣé o mọ̀ pé ayaba ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó wò—"

"Gé e dànù!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ọmọ sọ̀rọ̀, kò sì bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó yọ àṣẹ burúkú yẹn kúrò nínú ẹ̀rọ, kò wí fún ẹnì kan. Ìyàwó rẹ̀ ló ká a mọ́ ibi tó ti ń fi aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà, tó ń wí pé, "Má bínú. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tìẹ." Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ tó létí méjèèjì wà nínú yàrá kejì, ẹ̀rọ ló bẹ̀!

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà ti wà ní yunifásítì, ó ń kọ́ ìṣirò, òun ló sì ń ṣe ipò kìíní. Bàbá ti sọ ọ́ fún gbogbo rédíò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà délé fún ìsinmi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì, nítorí pé—"

"Gé e dànù!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n—"

"Mo ní gé e dànù! Ta ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?"

Bí ọdún mọ́kànlá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan, ó yá owó, ó mọ ààrò tirẹ̀, ó kọ orúkọ sára ògiri. Bàbá ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ọmọ ló ń gbé búrẹ́dì lọ sílé fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bàbá á jẹ ẹ́ tán, á fi ìka ṣa èérún rẹ̀ lórí tábìlì. Àmọ́ bí ọmọ bá ti ní, "Bàbá, ọjọ́ yẹn lọ́hùn-ún, nítorí pé," bàbá á ti dé fìlà, á ti jáde. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kó sọ! Ìdí tí kò bi í! Àkàbà tí àlejò fẹ́ yá, ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń pa ọmọ rẹ̀ lọ́kàn, kò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá rántí èyí nídìí ààrò, ìyẹ̀fun tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ a jìyà.

Bàbá wá kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́sàn-án gangan, lórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí itan rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní rédíò yẹn nìkan ló parí ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ rí.

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ẹ̀sì pe ìpàdé ìrántí sí yàrá wọn tó wà lókè ilé aránṣọ, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ pariwo kí ohùn rẹ̀ tó borí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n sọ ti àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ti dókítà, wọ́n dì mọ́ra wọn. Oníbúrẹ́dì jókòó síwájú, ó di apá. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó gbé báàgì lé itan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá dìde, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí bàbá kò jẹ́ kó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé kọjá ìlà kejì rí. Ó ti tẹ ìwé pélébé kan, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ẹni tó rí àyè sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín.

"Olóògbé kọ́ wa pé ká máa wò ká tó gé," ló kà. "Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò gé ẹ̀ka kankan rí tí kò kọ́kọ́ wò!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì fò dìde.

"Irọ́ ni! Akọ̀wé, irọ́ lẹ kọ síbẹ̀ yẹn!"

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Òkú là ń yìn—"

"Òkú náà ni mò ń bá wí! Kò gé ẹ̀ka tí kò wò? Èmi ńkọ́? Ọdún mọ́kànlá! Ẹ pa ìlà yẹn rẹ́!"

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣí báàgì, ó yọ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan tí kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀.

"Bàbá yín ní bí ẹnì kan bá bínú dìde lónìí, kí n tẹ èyí," ló wí. "Bí kò bá sẹ́ni tó bínú, ó ní kí n gé e dànù."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Akọ̀wé, jókòó," ni ohùn Gé-e-Dànù wí.

Akọ̀wé ti jókòó kó tó rántí pé òkú ló pàṣẹ.

"Mo mọ̀ pé o ti parọ́. Mo ti wo igi ọjọ́ òní dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá kú, ẹgbẹ́ á pàdé. Bí ẹgbẹ́ bá pàdé, akọ̀wé á ka nǹkan. Bó bá ka nǹkan, á yìn mí kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá yìn mí, ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín, ọmọ mi á sì bínú dìde. Gbogbo ẹ̀ka tó kù, mo wò wọ́n, mo gé wọn."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá, ó sì kú lójijì, nítorí ohùn náà ti rọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, jókòó, ẹsẹ̀ á dùn ẹ́. Akọ̀wé, mú bírò, kó o fi òótọ́ sí i. Kọ ọ́ pé mo gé ẹ̀ka kan tí mi ò wò. Ẹ̀rọ ṣe irú ẹ̀ rí, mo tún un ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Tèmi, mi ò rí ọjọ́ kẹrin rẹ̀. Mo máa ń gba iwájú ilé búrẹ́dì yẹn kọjá, ọmọ mi. Màá rí ọ lójú fèrèsé, ìyẹ̀fun á kún irun ẹ, wàá máa rẹ́rìn-ín. Mi ò lè wọlé. Bí mo bá wọlé, wàá sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Bó o bá sì sọ ọ́, ó lè jẹ́ òótọ́. O ní 'nítorí pé.' Ó yá, nítorí kí ni? Mi ò ní gé e."

Lẹ́yìn èyí, kásẹ́ẹ̀tì ń yí, kò sí ọ̀rọ̀. Akọ̀wé na ọwọ́ kó pa á. Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ má pa á. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń mí."

Wọ́n tẹ́tí. Lóòótọ́, àga kan ń dún níbẹ̀, èémí kan sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ọkùnrin náà ti jókòó ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó ti pa ẹnu mọ́, ó ń dúró. Ìyá ní láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, òun ò rí irú ẹ̀ rí. Nísàlẹ̀, ó jọ pé àwọn aránṣọ náà ti dá iṣẹ́ dúró.

Oníbúrẹ́dì jókòó. Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ tábìlì, bí ẹni fẹ́ po ìyẹ̀fun.

"Bàbá, nítorí pé ní yunifásítì, bí mo bá rí ìdáhùn, màá fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, màá ṣí ojú ìwé kejì. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ìdáhùn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé búrẹ́dì lówùúrọ̀, èèyàn mẹ́wàá ti tò síwájú ẹ̀, ebi ń pa wọ́n. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi ní gbígbóná. Wọ́n á jẹ ẹ́ lójú mi..."

Ó dúró síbẹ̀, ó fa ọrùn mọ́ra, ó ń retí kí wọ́n gé e, bó ti mọ́ ọn lára. Gbogbo yàrá náà ń bá a retí rẹ̀.

Nínú kásẹ́ẹ̀tì, bàbá wúkọ́.

"Mo ṣì ń gbọ́," ló wí.